Ajá àgbàtọ́ tó máa ń gbóná sódì lójú títì: bẹ́ ẹ ṣe lè mú un rìn n'Íkòròdú

Ajá kan á wà nílé, jẹ́jẹ́ ló máa ń ṣe, á sùn sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á máa tẹ̀lé yín kiri, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti so okùn mọ́ ọn tẹ́ ẹ ṣí géètì báyìí, ó tán, á di ajá míì mọ́ yín lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ kọjá, ó gbó. Ewúrẹ́ kọjá, ó fẹ́ fa apá yín já. Ó wá rí ajá ẹlòmíì lókèèrè, ó fi ẹsẹ̀ méjì dìde, ó ń gbó kíkankíkan, gbogbo àdúgbò á sì máa wò yín bíi pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Tó bá wá jẹ́ ajá tẹ́ ẹ gbà tọ́ ni, bóyá ìdí ọjà lẹ ti rí i, bóyá ẹnì kan ló jápa tó fi í sílẹ̀ fún yín, bóyá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ajá aláìnílé jọ lẹ ti mú un, ọ̀rọ̀ yìí máa ń le ju ti ajá téèyàn tọ́ láti kékeré lọ, torí ẹ ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti inú ilé títí dé títì, mo sì fẹ́ ṣe é fún Ìkòròdú gan-an, torí èyí tó pọ̀ jù nínú fídíò tí wọ́n ń gbé sórí YouTube, àdúgbò tó ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó fẹ̀, tí ò sí ewúrẹ́ kankan níbẹ̀, ni wọ́n ti ṣe é. Níbí, kẹ̀kẹ́, kórópé, ọmọ iléèwé, adìẹ, ẹni tó ń ta búrẹ́dì, gbogbo wọn lè yọ sí yín lẹ́ẹ̀kan náà ní kọ̀nà kan ṣoṣo.

Ohun tó wà nídìí ẹ̀

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, orí nǹkan kan ló dúró lé: ìjìnnà. Kò sí ajá tí ò ní ibi tí nǹkan lè jìnnà sí i dé tí á rí i, tí á mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, tí ọkàn ẹ̀ ò sì ní fò. Tí nǹkan ọ̀hún bá ti sún mọ́ ọn ju ibẹ̀ lọ, ara ẹ̀ á gbóná, àyà ẹ̀ á máa lù, etí ẹ̀ á di. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Olóríkunkun la máa ń pa òwe yẹn fún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró ti ajá tí ara ẹ̀ gbóná rí á mọ̀ pé ajá yẹn ò gbọ́ lóòótọ́ ni. Ẹ lọ bá ẹni tó ń jà ní gàráàjì kẹ́ ẹ ní kó bá yín ṣírò ṣéńjì, ṣé á dá yín lóhùn? Bí ajá ṣe rí nìyẹn tó bá ti kọjá ààlà, kódà ẹran tẹ́ ẹ bá nà sí i ò ní wò ó. Nítorí náà iṣẹ́ yín kì í ṣe kẹ́ ẹ pa á lẹ́nu mọ́ nígbà tó ti ń gbó. Iṣẹ́ yín ni pé kẹ́ ẹ dúró síbi tí kò tíì sí ohun tó máa mú un gbó, ibẹ̀ ló ti lè kọ́ nǹkan.

Kí ló fà á? Ọmọ ajá, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá tí wọ́n bí i, ìgbà yẹn ló ń kọ́ pé nǹkan báyìí ò léwu, èèyàn báyìí ò léwu. Èyí tó bá jẹ́ pé orí ìso tàbí inú kéèjì ló wà ní gbogbo ìgbà yẹn, tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ni wọ́n ń tú u sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ilé, ibo ló ti máa mọ ọmọ iléèwé tàbí kẹ̀kẹ́? Èyí tó wá jẹ́ ajá ìgboro, ó mọ títì dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ okùn. Nígbà tó wà lóun nìkan, tí nǹkan bá bà á lẹ́rù á sá, tó bá fẹ́ lọ kí ajá míì á lọ kí i. Ẹ wá so okùn mọ́ ọn, kò lè sá, kò lè lọ, gbígbó ló kù fún un.

Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ló ń ṣe tiyín ni tàbí ìwàǹwára. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rù, ìrù á wọlé sábẹ́, á fa ara sẹ́yìn, funfun ojú ẹ̀ á hàn, á máa lá ètè tàbí kó máa yán nígbà tí oorun ò kùn ún, á sáré síwájú gbó, á tún sáré padà sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ìwàǹwára, ara ẹ̀ á rọ̀, á máa ké wín-ín wín-ín, á máa fò sókè, gbogbo ìdí ẹ̀ á máa mì. Ẹ má sì jẹ́ kí ìrù nìkan tàn yín o, ajá tó fẹ́ géèyàn jẹ náà lè máa ju ìrù. Ìtọ́jú méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfi pé èyí tó ń bẹ̀rù, ẹ ò gbọdọ̀ fà á lọ bá ohun tó ń bà á lẹ́rù kó lè “mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀”. Ìyẹn máa ń bà á jẹ́ sí i ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: dókítà ẹranko

Kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ ní nǹkankan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ajá tí etí ń dùn, tí eegbọn ti bò lára, tí ibà eegbọn ń ṣe, tí oríkèé ń ro, kò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ajá kì í sọ pé ibì kan ń dun òun. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí, eyín àti ẹsẹ̀ wò, kí wọ́n fún un lóògùn aràn àti ti eegbọn.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wá jẹ́ dandan. Láti ọmọ oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń fún ajá, wọ́n á sì máa tún un fún un lọ́dọọdún, ẹ gba ìwé ẹ̀ kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ pa mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ajá ló ń kó àrùn yìí ran èèyàn nínú ohun tó tó ìdá 99 nínú 100, tó bá sì ti ń hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. September 28 lọ́dọọdún ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, láwọn ibì kan wọ́n máa ń fún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò yẹn, ẹ bi dókítà yín léèrè. Tí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ì báà jẹ́ tiyín ì báà jẹ́ tẹlòmíì, kódà kó jẹ́ pé ó kàn ha á lára ni, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Epo pupa, àgbo, irun ajá tí wọ́n sun, kò sí ìkankan nínú wọn tó lè dá àrùn yẹn dúró. Ẹ jọ̀ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kó sinmi ná

Èyí kúrú. Ẹ má mú ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá jáde lónìí. Àwọn tó ń gba ajá tọ́ máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta lára á fi kọ́kọ́ wálẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lá fi mọ bílé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta lá fi gbà pé ilé òun nìyí. Kì í ṣe òfin, ti ẹlòmíì á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó máa jẹun lásìkò kan náà, kó ní ibi tó ń sùn tí ọmọdé ò ti ní máa dà á láàmú. Kẹ́ ẹ sì máa ti géètì, torí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ni ajá àgbàtọ́ máa ń sá lọ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: okùn àti ẹran

Ṣéènì onírin tí wọ́n ń fi so ajá mọ́ ìdí igi kọ́ ni wọ́n fi ń mú ajá rìn. Ó wúwo, ó ń pariwo, tó bá já gbà lọ́wọ́ yín á bó yín lọ́wọ́. Èyí tó máa ń fún ajá lọ́rùn tó bá ti fà, ẹ gbé e jù sílẹ̀ pátápátá. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni hánẹ́ẹ̀sì, ìyẹn bẹ́líìtì tó gba àyà àti ẹ̀yìn ajá kọjá, kẹ́ ẹ sì wá èyí tó ní òrùka níwájú àyà, torí tí ajá bá fà, òrùka iwájú yẹn á yí i padà sọ́dọ̀ yín dípò kó máa wọ́ yín lọ. Tẹ́ ẹ ò bá rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù onǹkan ajá, ẹ gbé fótò ẹ̀ lọ fún àwọn tó ń rán báàgì tàbí ṣúmékà tó mọṣẹ́, okùn báàgì tó nípọn tàbí ti síìtì bẹ́líìtì ọkọ̀ ni kí wọ́n fi rán an, kẹ́ ẹ mú ajá dání kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ẹ̀, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá tó bá ń bẹ̀rù gan-an lè fi ẹ̀yìn rìn bọ́ nínú hánẹ́ẹ̀sì, nítorí náà ẹ tún so okùn kékeré kan láti hánẹ́ẹ̀sì sí bẹ́líìtì ọrùn ẹ̀, tí ọ̀kan bá bọ́ èkejì á dì í mú.

Okùn tẹ́ ẹ fẹ́ mú dání, kó gùn tó mítà méjì, kó jẹ́ aṣọ, kì í ṣe náílọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́, ìyẹn á gé yín lọ́wọ́. Èyí tó ń nà tó ń súnkì fúnra ẹ̀ kò dáa fún ajá tó ń fò mọ́ nǹkan. Ẹ má wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ yín o.

Ẹran wá ni irinṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀dọ̀ màlúù tàbí iwe adìẹ, ẹ bọ̀ ọ́ lásán, láìsí iyọ̀, láìsí màgí, láìsí ata, àlùbọ́sà ni kò tiẹ̀ gbọdọ̀ débẹ̀ rárá torí ó ń pa ẹ̀jẹ̀ ajá. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ tó hóró ẹ̀wà, kó pọ̀, kẹ́ ẹ kó o sínú pọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ lè so mọ́ ìbàdí. Bísikíìtì tàbí búrẹ́dì kì í sábà lágbára tó fún iṣẹ́ yìí, nǹkan tí ajá máa ti ìtorí ẹ̀ gbàgbé kẹ̀kẹ́ lẹ ń wá. Àwọn kan á ní ṣé ẹ wá ń fún ajá lẹ́ran báyìí, nígbà tí ẹran wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ adìẹ kékeré kan tẹ́ ẹ bá gé wẹ́wẹ́, ó lè tó o fún ìrìn ọjọ́ kan, tẹ́ ẹ bá sì yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ ẹ̀ tọjọ́ yẹn, kò sí àpọ̀jù níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀rọ̀ mẹ́ta, nínú kọ́mpáùndì

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ, nínú ilé níbi tí kò sí ìdíwọ́ kankan.

“Káre!” ni àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ fún un lẹ́ran lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún un ṣe títí tó fi jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ti ní “Káre” lá yíjú wá ọwọ́ yín. Látìgbà yẹn lọ, ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ láìfún un ní nǹkan, torí ọ̀rọ̀ yìí lẹ máa fi sọ fún un lójú títì pé ohun tó ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an lẹ fẹ́.

“Padà!” ni ìkejì. Ẹ máa rìn, ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ yí padà pẹ̀lú ìdùnnú, tó bá ti yí tẹ̀lé yín, káre, ẹran. Ẹ má fà á, ohùn yín ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa yọ yín nígbà tí ọ̀tá bá yọ ní kọ̀nà, nítorí náà ẹ ṣe é títí á fi di àṣà sí i lára, lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó lẹ́ẹ̀kan.

“Ṣà á!” ni ìkẹta. Ẹ da ẹran bíi márùn-ún mẹ́fà sílẹ̀ káàkiri inú koríko kó máa fimú wá a. Ajá tó bá ń gbóòórùn nǹkan, orí ẹ̀ á wà nílẹ̀, mímí ẹ̀ á yí padà, ara ẹ̀ á máa rọlẹ̀. Fún ajá tí ebi ti pa lójú pópó rí, tó máa ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ èèyàn, dídà á sílẹ̀ yìí tiẹ̀ dáa ju fífi sí i lẹ́nu lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹnu géètì

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti lo sùúrù jù, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá. Ẹ ò tíì lọ sí ibì kankan. Ẹ ṣí géètì díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn nínú kọ́mpáùndì pẹ̀lú ajá yín, kẹ́ ẹ máa wòran títì. Tí kẹ̀kẹ́ bá kọjá tó rí i, “Káre”, ẹran. Kẹ̀kẹ́ ti lọ tán, ẹran parí. Ọmọ kọjá, káre, ẹran. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí nǹkan ọ̀hún kẹ́ ẹ tó mú ẹran jáde o, ẹ má fi ẹran ṣáájú, torí ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ ló ń bí ẹran. Tẹ́ ẹ bá fi ẹran ṣáájú, nǹkan míì lá kọ́, á máa rò pé tí ẹran bá ti yọ, ewu ń bọ̀. Ẹ yára pẹ̀lú, láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan kí ọ̀rọ̀ yín ti jáde.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìjìnnà yín dáa? Ẹ wo ẹnu ẹ̀. Tó bá gba ẹran jẹ́jẹ́ tó sì jẹ ẹ́, ibẹ̀ dáa. Tó bá ń já a gbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká yín níka jẹ, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Tí kò bá jẹ ẹ́ rárá, ẹ ti kọjá ààlà, ẹ fà sẹ́yìn. Kó tó gbó, ara ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀: ẹnu tó là tẹ́lẹ̀ á pa dé, etí á nà síwájú, á dúró gan, ojú ẹ̀ ò ní ṣẹ́jú, irun ẹ̀yìn ẹ̀ á lè dìde. Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹnu tó pa dé yẹn, “Padà!”, ẹ má dúró de èyí tó kù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ máa rí nǹkan kan tó dùn mọ́ni gan-an: kẹ̀kẹ́ á kọjá, ajá á wò ó, á wá fúnra ẹ̀ yí ojú padà wò yín bíi pé ẹran dà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀kọ́ ti wọlé. Ìgbà yẹn lẹ lè sún síwájú níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ bọ́ sí Sábó lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìgbà wo, ibo

Ẹ fi òpó iná ṣe òṣùwọ̀n yín. Tó bá jẹ́ pé ajá yín lè rí ajá míì láti òpó iná kan sí èkejì kó sì máa jẹun, ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Àárọ̀ ló dáa jù, ṣùgbọ́n ẹ má jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ilé n'Íkòròdú ló máa ń tú ajá tó ń ṣọ́ ilé sílẹ̀ lóru, àfìgbà tílẹ̀ bá mọ́ kí wọ́n tó kó wọn wọlé, tí wọ́n bá rí tiyín wọ́n á bo yín. Ẹ jẹ́ kí géètì àwọn aládùúgbò yín ti pa dé ná. Ẹ sì jáde kí àwọn ọmọ iléèwé tó kún títì. Àárọ̀ Sunday lẹ́yìn tí àwọn onísọ́ọ̀ṣì ti wọlé, títì máa ń dá wáí, ọjọ́ ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn. Ọ̀sán, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé ọ̀dà títì, tẹ́ ẹ ò bá lè gbé e síbẹ̀ fún sẹ́kọ́ǹdì méje, á jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ sá fún Sábó, ẹ sá fún gàráàjì, ẹ sá fún ẹnu ọjà, ẹ sá fún Ẹ̀bútẹ́ lásìkò tí ọkọ̀ ojú omi ń já èrò. Àwọn àdúgbò tó wà lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìgbógbó ṣì ní títì inú tí ọkọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀, pápá iléèwé náà wà tẹ́ ẹ bá lè tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ìgbà táwọn ọmọ bá ti lọlé. Ibi tó fẹ̀ tẹ́ ẹ ti lè rí ohun tó ń bọ̀ lókèèrè ló dáa, kọ̀nà tó fún pẹ̀lú ògiri lọ́tùn-ún lósì ni ọ̀tá yín. Tí pápá bá wà, ẹ so okùn tó gùn tó mítà márùn-ún mọ́ ẹ̀yìn hánẹ́ẹ̀sì ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa fimú ka ilẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ má kánjú ẹ̀ níbẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ gbà pé ajá gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́, ogún ìṣẹ́jú tó fi ń gbóòórùn ilẹ̀ lálàáfíà dáa ju wákàtí kan tó fi ń bá gbogbo ayé jà. Ọjọ́ tí títì bá gbóná, ẹ dúró sílé, ẹ da oúnjẹ ẹ̀ sínú páálí tó ní bébà nínú kó máa tú u wá.

Ìgbésẹ̀ keje: tó bá ti gbaná

Á ṣẹlẹ̀. Ọ̀kadà á yọ láìròtẹ́lẹ̀, ajá á bẹ́ gìjà. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, tirẹ̀ ti pọ̀ tó, tiyín á kàn dà bíi pé ẹ̀yin náà ń gbó ni. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn tàbí orí ẹ̀ nígbà yẹn, torí ajá tí ara ẹ̀ gbóná lè yíjú padà kó gé ọwọ́ tó bá kàn án láìmọ̀ pé tiyín ni. Ẹ di okùn mú lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ yí padà, ẹ máa rìn lọ, ẹ wá nǹkan fi bojú ẹ̀, ì báà jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n páàkì, ògiri, kíósìkì tí wọ́n tì. Tó bá ti ń mí dáadáa, “Ṣà á”. Lẹ́yìn náà ẹ máa lọ sílé.

Mo ní ẹ máa lọ sílé torí ìgbónára yìí máa ń gorí ara wọn. Ọ̀kadà dẹ́rù bà á, kò tíì kúrò lára ẹ̀, báńgà dún, kò tíì kúrò, ọmọ kékeré kan wá sáré kọjá. Ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan, lọ́jọ́ míì ajá yín ò tiẹ̀ ní wò ó, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí òun ló máa jìyà ẹ̀. Ó lè gba odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ara ajá tó wálẹ̀ tán, nítorí náà ẹ jẹ́ kó sinmi lọ́jọ́ kejì.

Lílù ńkọ́?

Mo mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́ fún yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mọ́mì tàbí dádì yín gan-an ló máa sọ ọ́: ẹ nà án dáadáa, á gbọ́n. Ẹ fi ọ̀wọ̀ gbọ́ wọn, kẹ́ ẹ má ṣe é. Ajá tí wọ́n ń nà nígbàkúgbà tó bá rí kẹ̀kẹ́, ohun tó máa kọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ ló ń fa ìyà, á túbọ̀ kórìíra ẹ̀ ni. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá nà án nítorí pé ó ń kùn, á lè fi kíkùn sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ò lọ. Kíkùn yẹn ni ìkìlọ̀. Ajá tí wọ́n bá ti na ìkìlọ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀, eyín lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ara ọmọ aládùúgbò ló ti máa ṣẹlẹ̀. Ajá àgbàtọ́ ti jẹ ìyà tó pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i tí wọ́n tún ń fi pàṣán bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé tuntun fún un. Àwọn tó ń fún ajá ní ata àti ògógóró kó lè “burú” náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé ṣe é, ara ajá ni wọ́n ń bà jẹ́.

Ewúrẹ́, ọmọdé, ajá tó ń rìn kiri

Ewúrẹ́ àti adìẹ, ìlànà kan náà ni, àfi pé ìjìnnà wọn gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i fún ajá tó bá ti pa adìẹ jẹ rí. Tí Iléyá bá ń bọ̀, àgbò á kún ẹnu ọ̀nà gbogbo, òórùn wọn nìkan tó láti da orí ajá rú, nítorí náà ẹ dín ìrìn kù lásìkò yẹn.

Àwọn ọmọdé máa ń pariwo “Bíńgò! Bíńgò!” wọ́n á wá sáré. Sísáré yẹn ló ń pe ajá. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ajá ò sí lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún wọn pé tí wọ́n bá rí ajá, kí wọ́n dúró gbagidi, kí wọ́n káwọ́ mọ́ra, kí wọ́n má wò ó lójú. Ọmọdé máa ń gbọ́ tẹ́ ẹ bá ṣàlàyé fún wọn dáadáa, wọ́n á tún máa kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Àwọn àgbàlagbà, ẹ tètè kí wọn láti òkèèrè, “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ má bínú, à ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni,” kẹ́ ẹ sì bọ́ sí òdìkejì títì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí aládùúgbò wa ni kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan àwọn, pàápàá tí wọ́n ti ṣe àlùwàlá tí wọ́n ń lọ kírun, ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún wọn, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n máa sọ.

Ajá tó ń rìn kiri tó wá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín: ẹ má sáré. Ẹ fa tiyín sẹ́yìn ara yín, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ ẹran sọ́nà èyí tó ń bọ̀, bó ṣe ń ṣà á lẹ̀ ń lọ. Tí kò bá dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ he òkúta, ọ̀pọ̀ ajá àdúgbò wa ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, wọ́n á padà.

Tó bá jẹ́ pé ajá yín ti gé èèyàn jẹ rí, ẹ kọ́ ọ láti máa wọ ohun tí wọ́n fi ń bo ajá lẹ́nu, èyí tó rí bí apẹ̀rẹ̀ tí ẹnu ẹ̀ á lè là nínú ẹ̀. Ẹ má fi aṣọ tàbí okùn di ajá lẹ́nu láti mú un rìn o, ẹnu tó là yẹn ló fi ń mí kí ara ẹ̀ lè tutù, ooru lè pa á. Ẹran ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa fi sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn fún ọjọ́ mélòó kan kó máa ti ẹnu bọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀.

Ọjọ́ tí kò yẹ kẹ́ ẹ jáde

December látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí báńgà bá ti ń dún, ẹ tètè rìn láàárọ̀ kẹ́ ẹ wọlé. Alẹ́ ọjọ́ tí ọdún fẹ́ yí, inú yàrá ni, ẹ pa fèrèsé dé, ẹ tan fáànù àti rédíò. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe òde ní àdúgbò yín, tí wọ́n ti gbé sípíkà síta, ẹ máa sinmi. Ìkòròdú náà ní ọjọ́ orò tiẹ̀ tí obìnrin kì í jáde, tó bá jẹ́ obìnrin ló ń mú ajá rìn nílé yín, ẹ ti mọ̀ ṣáájú pé inú kọ́mpáùndì ni ti ọjọ́ yẹn.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀

Nínú fóònù yín, lójoojúmọ́: ibo, kí ló rí, báwo ló ṣe jìnnà tó, ìgbà wo ló tó wálẹ̀. Ojú nìkan ò lè rí ìyàtọ̀ láti ọjọ́ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ka ti oṣù tó kọjá, ẹ máa rí i pé ẹni tó ń gbó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ ti ń gbàgbé láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ajá míì á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é dáadáa fún oṣù méjì mẹ́ta tí kò sí ìyípadà kankan, tàbí tó ń burú sí i, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, oògùn wà tí wọ́n lè fún ajá tí ìbẹ̀rù ẹ̀ pọ̀ jù kí ẹ̀kọ́ lè ráàyè wọlé. Ẹ má fún un ní oògùn oorun èèyàn.

Ó ku ẹni tó máa ń mú un jáde tẹ́ ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Mégáàdì tàbí àbúrò yín gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn bẹ́ ẹ ṣe ń pè é, torí tẹ́ ẹ̀yin bá ń sọ “Padà” tí òun ń fa okùn já, kò lè yé ajá. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tẹ̀lé yín rìn, kẹ́ ẹ wá jọ pààrọ̀, kó mú okùn kẹ́ ẹ̀yin máa wò ó. Ẹ fi ẹran tí ẹ ti gé sínú fíríjì fún un, kẹ́ ẹ sọ títì tó lè gbà àti èyí tí kò gbọdọ̀ gbà. Tí kò bá ráyè, kó má mú un jáde rárá, kó da “Ṣà á” sínú koríko ẹ̀yìnkùlé, títí ẹ máa fi dé.